Ọ̀kẹ́ Kan àti Nọ́ńbà Onílà-Kan: Àbá lórí Ọ̀rọ̀ Ìperí Kan nínú Ìmọ̀ Ìṣirò

Kí owó onírin àti owó bébà tó gbilẹ̀, owó ẹyọ ni a fi ń ná ọjà ní Ẹdẹ àti ní ilẹ̀ Yorùbá lápapọ̀. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan. Àpò yìí, ọ̀kẹ́, ni ó di orúkọ fún 20,000.

Nínú àpilẹ̀kọ tí Adolphus Mann tẹ̀ jáde ní 1887 lórí òǹkà Yorùbá, ó ṣàpèjúwe bí a ti ń ka owó tí a dà sílẹ̀. Márùn-ún márùn-ún ni a ń kó o. Ogún irú rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì sì di igba. Ẹni tí ó ń kàwó kò dárúkọ ìmọ̀ kankan, ṣùgbọ́n àbùdá ọ̀kẹ́ ni ó ń lò. Bí a bá tú 20,000 palẹ̀, a ó rí i pé 2 ní ìgbà márùn-ún àti 5 ní ìgbà mẹ́rin, tí a sọ di púpọ̀ pọ̀, ni ó bí i. Ìdí nìyí tí ọgbọ̀n nọ́ńbà fi lè pín in láìṣẹ́kù. 5, 40, 200 àti 2,000 wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú ẹyọ mẹ́ta péré kúrò. Ọ̀kẹ́ kan ó dín mẹ́ta ni Yorùbá yóò pe èyí tí ó kù, ìyẹn 19,997. Orúkọ náà sún mọ́ ọ̀kẹ́ pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀: bí kò ṣe 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tí ó lè pín 19,997 láìṣẹ́kù.

Kí ni kí olùkọ́ máa pe irú nọ́ńbà báyìí? Bí a bá pè é ní "aláìṣeépín", ọmọ tí ó ti rí i tí a pín obì méje fún ẹni méjì, tí a la ọ̀kan sí méjì, yóò jiyàn. Yóò sì jàre. Bí a bá pè é ní "alápín-méjì", ọmọ yóò rò pé ohun tí ó ṣeé pín sí méjì ni à ń wí, yóò sì kó 4 àti 6 mọ́ ọn.

Àbá tiwa ni "nọ́ńbà onílà-kan". Ẹ fún ọmọ ní òkúta wẹ́wẹ́ méje, kí ó tò wọ́n sí ìlà tí ó dọ́gba. Ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo ni yóò rí tò. Ṣùgbọ́n mẹ́fà yóò di ìlà méjì, mẹ́ta mẹ́ta, onílà-púpọ̀ ni. Òkúta kan ṣoṣo kò tíì di ìlà, nítorí náà 1 kò sí lára wọn, bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fẹ́ kí ó rí. Ọmọ yóò sì lóye pé 2 àti 5, tí wọ́n jẹ́ onílà-kan, ni wọ́n para pọ̀ di ọ̀kẹ́ onílà-púpọ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ohun tí ó kù ni kí ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá lè ṣàlàyé ara rẹ̀, kí ó má di àkọ́sórí lásán. A rọ ẹ̀yin olùkọ́, ní Ẹdẹ àti níbòmíràn, kí ẹ dán àbá yìí wò nínú kíláàsì, kí ẹ sì jẹ́ kí a gbọ́ ibi tí ó bá ti kùnà.