Ariwo Tiwa àti Ariwo Àdúgbò

Ẹni tó bá mọ Allen Avenue ní Ìkẹjà kò ní béèrè ohun tó ń jẹ́ ariwo. Bí iná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ báǹkì, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti ilé ọtí á jọ máa dún. Ìdí nìyí tí àwa onígbàgbọ́ fi máa ń sọ pé, "Ṣé tiwa nìkan ni wọ́n ń gbọ́ ni?"

Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ariwo lè dáhùn. Desíbẹ̀lì ló fi ń kà á, orúkọ tí wọ́n mú láti ara Alexander Graham Bell, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ jẹ́ adití. Ìṣirò rẹ̀ kò rí bíi ti owó. Bí jẹnẹrétọ̀ kan bá ń dún ní 80, tí a tan irú rẹ̀ kejì tì í, 83 ni ẹ̀rọ yóò kà, kì í ṣe 160. Ẹ má fojú kéré 3 yẹn o! Agbára ariwo ti di ìlọ́po méjì. Etí tí wọ́n ní ó lè fara da 85 fún wákàtí 8, wákàtí 4 péré ló yẹ kó lò nínú 88. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí a ń gbé jókòó síwájú sípíkà ńkọ́?

LASEPA fi 55 sí àdúgbò ibùgbé l'Ékòó lọ́sàn-án, 45 lóru. Ní 2016, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Àwọn kan nínú wa pè é ní inúnibíni. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi wọn ilé ọtí.

Ẹ má wọ̀n ọ́n lórí pẹpẹ. Lálẹ́ ìṣọ́ òru, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ẹ dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀, kí ẹ mú ẹ̀rọ jìnnà sí ara àti ògiri. Ẹ kọ́kọ́ wọn àdúgbò nìkan kí orin tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí orin bá ń lọ. Bí ó bá fi 3 lé, a jẹ́ pé ariwo tiwa àti ti àdúgbò dọ́gba. Bí ó bá fi 10 lé, tiwa ni ìyá ọmọ tuntun yẹn ń gbọ́.

Sípíkà ìta ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọlé.