Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Nínú Orin Ìgbàlódé ní Èkó

Ojú tí àwọn ará Èkó fi ń wo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò dúró sí ibì kan, orin ìgbàlódé sì jẹ́rìí sí èyí. Nínú “Taxi Driver”, orin háíláìfù tí Bobby Benson kọ ṣáájú ogun abẹ́lé, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó ni a so mọ́ awakọ̀ takisí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ti di òṣùwọ̀n ènìyàn láwùjọ.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní apá ọ̀tún. Ebenezer Obey fi orin jùjú kọ́ ará ìlú ní òfin tuntun náà. Irú orin bẹ́ẹ̀ gbà pé ẹni tó mọ òfin yóò délé láyọ̀. Lọ́dún kan náà, Fẹlá Kútì gbé “Go Slow” jáde, níbi tí ọkọ̀ ti há ènìyàn mọ́ tiwájú tẹ̀yìn bí ẹlẹ́wọ̀n. Ìrísí Erékùṣù Èkó ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí: omi yí i ká, orí afárá ni ọkọ̀ tó ń ti Ìdó bọ̀ ń gbà dé Ìdúmọ̀tà, àwọn òpópó tóóró Ìsàlẹ̀ Èkó sì ti wà kí ọkọ̀ tó dé. Òfin lè yan apá tí awakọ̀ yóò gbà; kò lè sọ ọ̀nà tóóró di gbòòrò.