Ṣé O Mọ̀? Ewu Yíyí Padà Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bàálù Kékeré Bá Kú

Bí ẹ́ńjìnnì bàálù kékeré bá kú kété tó gbéra, ọkàn awakọ̀ a máa sáré sí ojú ọ̀nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n yíyí padà lójú òfuurufú tó súnmọ́ ilẹ̀ báyìí ti gba ẹ̀mí púpọ̀ tí ì bá má ṣòfò. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í já lulẹ̀ bí òkúta, nítorí pé atẹ́gùn tó ń ṣàn lára apá rẹ̀ ló ń gbé e ró. Ṣùgbọ́n bí eré bá lọ sílẹ̀ jù, tí imú rẹ̀ sì gbé sókè, atẹ́gùn náà lè já kúrò lára apá, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní stall, tí bàálù yóò sì ṣubú lójijì. Bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 45 láti yí láìsọ̀ kalẹ̀, eré tó kéré jù lọ tó lè gbé e ró yóò fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kó tẹ imú bàálù wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó di eré rẹ̀ mú (nínú Cessna 172, nǹkan bí kílómítà 120 sí 130 ní wákàtí kan), kó sì balẹ̀ sí pápá tó wà níwájú rẹ̀.