Ihò Inú Yìnyín

Inú àgọ́ onípákó náà móoru, ihò kan sì wà láàárín ilẹ̀ rẹ̀. Kò fẹ̀ ju mítà kan lé díẹ̀ lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: yìnyín tí wọ́n lu já nípọn tó mítà méjì, òkun McMurdo Sound ní Antarctica ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi náà tutù dé -1.8°C, iyọ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dì.

Àwọn òmùwẹ̀ méjì ń múra. Aṣọ òtútù lábẹ́, aṣọ tí omi kì í wọ̀ lókè, ìbọ̀wọ́ lé ìbọ̀wọ́. Ètè nìkan ló ṣẹ́kù síta. Ẹ̀rọ ìmí méjì ni olúkúlùkù gbé, nítorí ọ̀kan lè dì, kí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà sì máa tú dànù. Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò fi ẹ̀rọ náà mí lókè. Àṣé ọ̀rinrin inú èémí ló ń di yìnyín nínú rẹ̀. Ó di abẹ́ omi kí wọ́n tó fi í mí.

Okùn kan rọ̀ sínú ihò, àsíá kéékèèké àti iná tó ń ṣẹ́jú wà lára rẹ̀. Ọ̀nà ilé nìyẹn. Ẹni tó bá ṣìnà rẹ̀, òrùlé yìnyín ló máa bá lókè orí.

Wọ́n lọ. Kò pẹ́ tí omi tún ru. Mo rò pé wọ́n ti dé ni. Orí ńlá kan yọ, irunmú gùn lẹ́nu rẹ̀, ó mí gbọ̀ọ̀! Síìlì Weddell ni.

Ẹni tó ń ṣọ́ okùn rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀, afẹ́fẹ́ lòun náà ń wá." Èèyàn ló ń yà fún síìlì nínú ihò yìí.

Kí ni àwọn òmùwẹ̀ náà tilẹ̀ wá lọ? Kànìnkànìn òkun. Ẹranko ni, bó tilẹ̀ jọ ìkòkò funfun. Àwọn mìíràn ga tó èèyàn. Ní àwọn ọdún 1960 ni Paul Dayton, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn níbí. Ó gbé àwọn ohun èlò sísàlẹ̀ òkun, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ kànìnkànìn kankan kò hù lára wọn. Nígbà tí àwọn òmùwẹ̀ padà débẹ̀ ní 2004 àti 2010, wọ́n bá a pé kànìnkànìn ti hù lára àwọn kan nínú ohun èlò náà, wọ́n sì ti dàgbà.

Àwọn méjèèjì jáde. Ètè ti kú, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn. Ọ̀kan na síléètì rẹ̀ sí mi: iye, ìwọ̀n, ọjọ́. Bí ẹnì kan kò bá padà wá ka àwọn kànìnkànìn kan náà ní ogún ọdún sí i, nọ́ńbà lásán ni yóò jẹ́.