Ta Ló Ń Kọ́ Ẹ̀ṣọ́ Igbó Níṣẹ́?

Ní Pedro tí mo ń gbé, èèyàn kì í rí igbó. Ilé fara kan ilé, danfo ń pe èrò, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn ará Ṣómólú sì ń dún láti àárọ̀ títí di alẹ́. Síbẹ̀, bí a bá gba orí Third Mainland Bridge, tí a sì dojú kọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, a ó kan Lekki Conservation Centre, igbó tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 78, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990. Púpọ̀ nínú wa ló ti ya fọ́tò lórí afárá tó ń gba àárín igi kọjá níbẹ̀, èyí tó gùn ní mítà 401. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú irú ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa wọn lónìí. Ta ló kọ́ wọn? Báwo ni ohun tí ẹnì kan mọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn? Ọ̀rọ̀ náà kàn wá, nítorí àwọn kan nínú wa ni yóò di ọ̀gá wọn lọ́la.

Iṣẹ́ náà ju ìbọn lọ

Ẹlòmíràn rò pé kí a gbé ìbọn, kí a lé ọdẹ, òun náà ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó. Èyí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì léwu. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ mọ pàkúté wáyà rí kó tó mú ẹranko. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tí ejò bù jẹ níbi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn. Ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kó ẹ̀rí jọ tí ẹjọ́ kò fi ní dà nù ní kóòtù, kó sì mọ bí a ṣe ń bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ láì dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi erin ṣe àpẹẹrẹ. Erin ṣì wà ní igbó ọba Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nínú igbó dídí bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rìn fún ọjọ́ púpọ̀ láì fojú kan ọ̀kan. Nítorí náà, ìgbẹ́ erin ni wọ́n sábà máa ń kà nírú ibẹ̀. A ó rìn lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, a ó ka òkìtì ìgbẹ́ tí a bá rí, lẹ́yìn náà a ó fi ìṣirò wá iye erin. Ìṣirò náà ní láti mọ iye ìgbà tí erin ń yàgbẹ́ lójúmọ́, àti iye ọjọ́ tí ìgbẹ́ fi ń wà kó tó pòórá. Òjò àti yímíyímí sì lè mú kó tètè pòórá. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá ní òkìtì kan ṣì yẹ ní kíkà, tí èkejì ní ó ti tú ká jù, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ́ ọ pọ̀, lórí ìgbẹ́ kan náà, nínú igbó kan náà.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ìmọ̀ ń gbà kọjá

Ọ̀nà kìíní ni ilé ẹ̀kọ́. Ní orílẹ̀-èdè wa, Federal College of Wildlife Management wà ní New Bussa, ní ìpínlẹ̀ Niger, láti ọdún 1978, nítòsí Kainji Lake National Park. Tanzania ní tirẹ̀ ní Mweka láti ọdún 1963. Cameroon ní ti Garoua láti ọdún 1970, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀yìn àgbà. Àwọn kan wà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Omo tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀. Irú wọn mọ ẹsẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti àgbọ̀nrín, wọ́n sì mọ ibi tí ọdẹ yóò dẹ pàkúté sí, nítorí àwọn náà ti dẹ ẹ́ rí. Bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú ló rí: ọmọṣẹ́ máa ń dúró ti ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀ títí tọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ̀ ọ́n. Kò sí ìwé tó lè rọ́pò ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì láì ní ọmọṣẹ́, ohun tó mọ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ọ̀nà kẹta ni ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Ẹ̀ṣọ́ tó ti mọ kámẹ́rà inú igbó dáadáa lè kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láàárín àárọ̀ kan: so ó mọ́ igi níwọ̀n gíga orúnkún bó bá jẹ́ ẹtu lo ń wá, ro koríko iwájú rẹ̀, kí ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì má baà máa tàn án ya fọ́tò asán, má sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ti ọmọdé náà sì wà níbẹ̀. Ní South Africa, wọ́n ṣe CyberTracker, ètò tó ń lo àwòrán dípò ọ̀rọ̀, kí atọpasẹ̀ tí kò mọ ìwé kà lè fi ẹ̀rọ kọ ohun tó rí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àgbà ló mọ ipasẹ̀, ọ̀dọ́ ló mọ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ náà nílò àwọn méjèèjì.

Ibi tí ó ti ń kù sí

Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì nínú hòtẹ́ẹ̀lì ìgboro kò tó. Ọ̀gá ni yóò lọ, ọ̀gá ni yóò gba ìwé ẹ̀rí, ẹni tó ń rìn nínú igbó kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó máa dúró gbọ́dọ̀ wáyé nínú igbó, ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́. Kí a kọ́ wọn ní méjì-méjì, àgbà kan pẹ̀lú ọ̀dọ́ kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí olùkọ́ padà lọ wò ó bóyá wọ́n ń lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún IT, ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo oṣù àkọ́kọ́ lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́ tó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ igi àti ẹranko bí ó ṣe ń pè wọ́n ní Yorùbá, kí ẹ wá kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wọn kí ẹ tó kúrò. Kí ẹ̀yin náà kọ́ wọn bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ ọdẹ̀dọdún sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, 31 July ni Ọjọ́ Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Igbó Lágbàáyé. Mo dábàá pé ní ọjọ́ náà, kí ẹ bá wa pe ẹ̀ṣọ́ kan wá sí ẹ̀ka wa, kí ó dúró níwájú kíláàsì bí olùkọ́. Owó ọkọ̀ rẹ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán kò ní ju ohun tí a lè dá jọ lọ.