Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Oògùn ọ̀fẹ́ tó ń gba ojú là

Bí ẹni tó ń pín oògùn Mectizan bá kan ilẹ̀kùn yín lábúlé ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó ní Èkìtì, tó mú ọ̀pá dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e. Bí ẹ ṣe ga tó ló fi ń mọ iye hóró tí ẹ máa lò.

Kòkòrò amùkúrù ló ń fa àìsàn tí oògùn yìí wà fún. Odò tó ń ṣàn kíkankíkan ló ń yé ẹyin sí. Bó bá ń jẹ àgbẹ̀ lóko léraléra, ó lè kó aràn sí i lára. Àwọn ọmọ aràn náà á máa rìn kiri lábẹ́ awọ, ara á máa yún èèyàn tọ̀sán-tòru. Bí wọ́n bá dé ojú, tó sì pẹ́, ojú lè fọ́.

Láti 1987 ni iléeṣẹ́ Merck ti Amẹ́ríkà ti ń fi oògùn yìí tọrẹ. Ọmọ aràn ló ń pa. Ìyá wọn lè lo ọdún 10 sí 15 lára, nítorí náà ẹ máa lò ó lọ́dọọdún, kódà bí ara kò bá yún yín. Ibi tó ń dùn mí jù nìyẹn: ọ̀pọ̀ ń dá a dúró torí pé ara ti yá.

Aboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 àti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Kì í la ojú tó ti fọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹyinjú àgbàlagbà bá ń di funfun, ó lè jẹ́ èyí tí iṣẹ́ abẹ ń wò: ẹ tètè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nílé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì.