Ilé Oníyàrá Méjì ní Èkó

Ó ti pẹ́ tí igbe àwọn ayálégbé ti ń dé etígbọ̀ọ́ wa, àwa kò sì lè dákẹ́ mọ́. A mọ̀ pé ilé ti wọ́n gógó ní Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni bí ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ti ń pàdánù owó wọn kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ inú ilé tí wọ́n fẹ́ yá.

Àwa mọ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Balógun. Òun àti ọmọ mẹ́rin ni ó ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo ní Mushin, nítorí náà ni ó ṣe wá fúláàtì oníyàrá méjì lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní ejẹ́ǹtì mú un lọ wo ọ̀kan. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì fi yàrá, pálọ̀, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ hàn án.

Ìyá bi í pé, “Ọmọ mi, onílé ńkọ́?”

Ó dáhùn pé, “Màmá, bàbá onílé wà ní ìlú òyìnbó, èmi ni wọ́n fi ilé lé lọ́wọ́. Ẹ tètè san owó o, àwọn mìíràn ń bọ̀ wá wò ó ní ìrọ̀lẹ́ òní.”

Ìyá san owó ọdún kan. Ní ọjọ́ tí ó kó ẹrù dé, ó bá ìdílé mẹ́ta mìíràn lẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù pẹ̀lú rìsíìtì tirẹ̀ lórí fúláàtì kan náà. Láti ọjọ́ náà ni fóònù ọmọkùnrin náà ti kú. A fi ojú ara wa rí rìsíìtì ìyá: iye owó nìkan ni a kọ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 sọ pé ọjọ́ tí a san owó, orúkọ onílé àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí a san án fún, gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ hàn nínú rìsíìtì. Òfin kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tí ó gbà á àti ẹni tí ó san án ni ó jọ rú òfin. Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkejà ni a yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó náà. Bí owó ilé bá jẹ́ ₦1,500,000 lọ́dún, tí ejẹ́ǹtì gba ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí lọ́yà sì gba iye kan náà fún ìwé àdéhùn, ó di ₦1,800,000, kí a tó kan owó ìdúró tí onílé yóò ní òun ń tọ́jú nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́. (Àwa kò tíì rí ẹni púpọ̀ tí ó rí èyí gbà padà.)

Àwọn onílé náà ní ẹjọ́ tiwọn. Sìmẹ́ǹtì wọ́n, ayálégbé mìíràn a sì jókòó sí ilé fún ọdún kan láì san kọ́bọ̀, nígbà tí ẹjọ́ ń falẹ̀ ní kóòtù. Èyí kò ní kí onílé ká òrùlé lé ẹnikẹ́ni lórí: lábẹ́ òfin yẹn, ayálégbé ọlọ́dọọdún tí kò bá ọ̀nà mìíràn dá àdéhùn ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà.

Ìyá aláṣọ ṣì wà ní Mushin. Ó ní òun ti rí ilé mìíràn ní Ìjẹ̀ṣà, onílé fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ìsàlẹ̀. Ó ti bi àwọn aládùúgbò léèrè ọ̀rọ̀ omi àti gbèsè iná. Kò sì tíì san owó, ó ń dúró kí òjò ńlá kan rọ̀ ná.